Bí Àìsàn Bá Ní Kí Ẹ Fiṣẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Má Kánjú Kọ Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì tó fẹ̀yìntì ni, tó ṣì ní ọmọ nílé ìwé, tó ń san owó ilé, tí ara rẹ̀ wá sọ fún un pé òun ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́. Àwọn àgbà wa ní ìlera loògùn ọrọ̀. Àwọn náà ló tún ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni òwe méjèèjì. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ kí èèyàn ṣe lọ́jọ́ tí òwe méjèèjì bá ń bá ara wọn jà nínú ilé rẹ̀? Bó bá di iṣẹ́ mú, ìlera ń lọ. Bó bá di ìlera mú, iṣẹ́ ń lọ.

Ọdún 18 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀. Ọdún 1999 ni mo wọlé, 2017 ni mo jáde, ọmọ ọdún 47 sì ni mí nígbà tí mo jáde. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí pé kì í ṣe tìtorí àtibá ẹnikẹ́ni jà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ: lẹ́tà tó ní "mo fiṣẹ́ sílẹ̀" yàtọ̀ sí ìwé dókítà tó ní "ara ẹni yìí kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́". Ẹnu géètì kan náà ni ẹni méjèèjì máa gbà jáde, àmọ́ ohun tí wọ́n máa kó dání jáde kò dọ́gba rárá.

ỌWỌ́ TÍ KÌ Í JÍ TÍTÍ DI AAGO MẸ́WÀÁ

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kó ọjà sínú páálí ni mo wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni látòkèdélẹ̀: ká de ìdérí, ká tò ó, ká dì í, ká lẹ̀ ẹ́ pa. Ọwọ́ yìí gan-an ni àìsàn wá bá mi jà sí. Ní ọdún 2013, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi kì í ká. Wọ́n á wú, wọ́n á le bí igi, ọrùn ọwọ́ á sì máa gbóná. Kì í ṣe ọwọ́ kan, ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé di iṣẹ́ ńlá fún mi. Ìdérí ìgò omi di ọ̀tá mi. Tó bá wá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rí mi lọ́sàn-án á máa rò pé irọ́ ni mo pa láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ aago méje ni iṣẹ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mafolúkù là ń gbé, ẹ̀yin tí ẹ bá sì mọ Òṣòdì mọ̀ pé dánfó kì í dúró de ẹni tó ń jẹ̀rora. Kọ̀ndọ́ ń pariwo "Toyota, Five Star, Ìyànà Ìsọlọ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", ọkọ̀ ti ń yí lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ di irin ẹnu ọ̀nà mú kí ẹ tó lè gun un. Irin yẹn gan-an ni ọwọ́ mi ò lè dì mú mọ́. Mo wá ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí kí n lè rí ọkọ̀ tó máa dúró kí n wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé kí n tó dé ibi iṣẹ́ rárá, ó ti rẹ̀ mí.

Ohun tí àwọn èèyàn sọ pé ó ń ṣe mí kò lóǹkà. Ìyá ọkọ mi ní omi tútù tí mo ń fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí mo bá lọ aṣọ tán ni. Màmá kan ládùúgbò ní mo ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan burúkú. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ fún mi ní ìgò àgbo kan tó rà nínú ọkọ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni màá fi lò ó tí màá fi máa fò sókè. Mo gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé àwọn kan nínú àgbo àti àgúnmu tí wọ́n ń tà kiri lọ́nà báyẹn máa ń ní oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Ìrora á lọ kíá lóòótọ́, àmọ́ tó bá pẹ́ lára, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, eegun á sì di ẹlẹgẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn ara ríro tí àwọn mìíràn ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Láti Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti kọ̀wé fún mi pé kí n lọ sí LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkẹjà, torí pé àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oríkèé ara wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò eegun mi. Wọ́n ní làkúrègbé ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ọjọ́ orí ń fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis ni. Àwọn sójà tí Ọlọ́run fi sínú ara wa láti máa bá kòkòrò àìsàn jà ló máa ń ṣìnà, tí wọ́n á wá kọjú ìjà sí oríkèé ara. Kì í ṣe omi tútù ló ń fà á, kì í sì í ràn. Ó ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta bó ṣe ń mú ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Oògùn wà tó ń mú kó rọlẹ̀. Methotrexate ni wọ́n kọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún àìsàn yìí, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè gba ibẹ̀ kú. Wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń lò ó wò, aláboyún kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Torí náà, ẹ má ka ohun tí mo kọ yìí kí ẹ wá lọ rà á fúnra yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àìsàn yìí ló máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín bá ń wú, tó ń le fún ohun tó ju wákàtí kan lọ láràárọ̀, tí ìyẹn sì ti ń lọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má jókòó sílé.

KÍ Ẹ TÓ LỌ, Ẹ BÈÈRÈ IṢẸ́ MÌÍRÀN

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo ṣì lò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi, mo so ìwé dókítà mọ́ ọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí n máa lo ọwọ́ púpọ̀. Mo ṣe ẹ̀dà ìwé náà, mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé wọ́n ti gbà á, mo sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrù jáde. Ó dára fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkọ̀wé pàápàá wá di ìnira, tí ọjọ́ tí mi ò lè wá sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1974, fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan bí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè wá, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá ti kọ̀wé sí i. Ọjọ́ 12 péré! Ilé iṣẹ́ míì máa ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àdéhùn tiwọn, torí náà ẹ wo ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Àmọ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, oṣù kẹta ọdún lè máà tíì parí kí ọjọ́ rẹ̀ tó tán. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn lọ́dún 2016.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé àga fún mi. Ó wá na ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ sí mi. "Ìyá Ìbejì, ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí yìí, ká lè tètè ṣètò owó yín." Mo kà á. Ó ti fi orúkọ mi kọ ọ́ pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, nítorí ìdí kan tó kan èmi nìkan. Kò sí "àìsàn" níbẹ̀ rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n lọ fi han bàbá àwọn ọmọ mi ná.

Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ sí i ni pé lọ́dún tó ṣáájú, obìnrin kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, fọwọ́ sí irú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n ní ìdámẹ́rin owó náà nìkan ló lè gbà, pé kó dúró de ìyókù títí yóò fi pé ọmọ 50 ọdún. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà náà. Ó lóun ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ní ìwé tó kọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi."

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, kódà bí ara yín bá le koko lónìí.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní 2014, tó rọ́pò ti 2004, sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó sí àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wọn: ìdá 8 nínú 100 láti inú owó oṣù yín, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Ní gbogbogbòò, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kan owó náà kó tó pé ọmọ 50 ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé 50, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí iṣẹ́ mìíràn, kò lè gbà ju ìdá 25 nínú 100 lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Àmọ́ òfin kan náà ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀. Bí dókítà tó kúnjú òṣùwọ̀n tàbí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà bá jẹ́rìí sí i pé ara tàbí ọpọlọ òṣìṣẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n á kà á sí ẹni tó fẹ̀yìntì, bí kò tilẹ̀ tíì pé 50. Ìyẹn ni pé ó lè gba owó kan lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa gba ìyókù lóṣooṣù. Bí owó inú àpò náà bá sì kéré ju iye tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, là kalẹ̀, wọ́n lè san gbogbo rẹ̀ fún un pa pọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé ló pín èmi àti ọ̀rẹ́ mi níyà.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ló fa àìsàn tàbí ìpalára rẹ̀: ẹni tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀, ẹni tí ariwo ẹ̀rọ di etí rẹ̀, ẹni tí eruku òwú tàbí kẹ́míkà ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó jáde ní 2010 ló wà fún irú wọn, NSITF ni àjọ tó ń bójú tó o. Ilé iṣẹ́ ló ń dá owó náà, ìdá 1 nínú 100 owó tí wọ́n ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, ẹ sì rí i pé ẹ kọ̀wé béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé. Dókítà mi sọ fún mi láìfi bò pé iṣẹ́ mi kọ́ ló fa àìsàn mi. Torí náà mi ò gba ọ̀nà yìí, àmọ́ ó lè jẹ́ ọ̀nà tiyín.

Ọ̀nà kẹta ni owó tó wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀: gírátúítì bí ilé iṣẹ́ bá ní in, owó ìsinmi tí ẹ kò tíì lò, àti àkókò ìkìlọ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní ìkìlọ̀ oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, lẹ́tà ti dókítà mi ni mo mú lọ. Èmi náà kọ lẹ́tà tèmi, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀: pé mò ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí n fẹ̀yìntì nítorí àìlera, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Inú ọ̀gá yẹn kò dùn. Ó gba oṣù márùn-ún kí ilé iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà tèmi bó ṣe yẹ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa sì bá mi lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ tiyín bá kọ̀ jálẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens' Mediation Centre tó ń bá èèyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní Office of the Public Defender tó ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà rò. Kóòtù tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ibi tí ẹ lè lọ.

OWÓ TÓ WỌLÉ LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ tí owó yẹn bá wọ báńkì ni ẹ máa mọ iye ẹbí tí ẹ ní. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ẹ wo gbèsè kọ́porétíìfù yín. Ọ̀pọ̀ wa ló ti yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ láti fi san owó ilé ìwé, láti inú owó ìkẹyìn yín ni wọ́n sì máa yọ ọ́. Èmi béèrè ìṣirò tèmi oṣù mẹ́ta kí n tó lọ, èyí tó kù kò bá mi lójijì. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín pé kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò fún yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá gbogbo oṣù ni owó ń wọlé síbẹ̀. Àwọn oṣù kan wà nínú tèmi tó ṣófo, mo sì tètè pariwo.

Gbogbo èèyàn ló ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi owó náà gba ṣọ́ọ̀bù ní Òṣòdì. Mo rántí ohun tójú wa rí. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Òṣòdì. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Ámbọ̀dé wó ọjà Ówónifáàrí, ibi tí ilé ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 wá wà báyìí. Mi ò sọ pé ẹnì kankan ò lè tajà ní Òṣòdì o, ọ̀pọ̀ ló ń jèrè níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọdọ̀ kó owó tí kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ sí ibi kan ṣoṣo, pàápàá ibi tí yóò ti máa sáré gbé ẹrù.

Ẹ tún rántí pé bí iṣẹ́ bá lọ, ètò ìtọ́jú tí ilé iṣẹ́ ń san fún yín á bá a lọ. Àìsàn kò sì ní fẹ̀yìntì pẹ̀lú yín. Mo ya owó oògùn ọdún méjì sọ́tọ̀ kí n tó ya owó kankan sọ́tọ̀ fún òwò. Lónìí, ètò ìlera ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó wà tí èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún. Ẹ béèrè ohun tó kó mọ́ra kí ẹ tó sanwó.

Tẹ́ ẹ bá mọ Òṣòdì, ẹ mọ bárékè àwọn ológun tó wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìntì níṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ìjọba mọ̀ pé ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ ṣe iṣẹ́ kan kò lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Èmi lo oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn láti wádìí òwò tí kò ní nílò agbára ọwọ́. Ìsọ̀ kékeré kan ni mo ṣí sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Mafolúkù, mò ń ta ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ àbúrò mi ló ń gbé páálí. Aago mẹ́wàá la máa ń ṣí i, torí pé aago mẹ́wàá ni ọwọ́ mi ń jí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tó tẹ̀ lé aago ara mi.

NÍGBÀ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ BÁ KÍ YÍN KÚ IṢẸ́ MỌ́

Mo ti sọ ti owó. Èyí tó kù yìí ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

Àwa ará Ìsọlọ̀ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọjà Aswani tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ Tuesday, ilé iṣẹ́ aṣọ ló fún un lórúkọ. Bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni yóò jọ jókòó, tí wọ́n á jọ bú ìjọba, tí wọ́n á jọ máa wá iṣẹ́ kiri. Àìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa yọ ìwọ nìkan láàárín èrò. Ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ṣì ń dún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣì ń wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì láràárọ̀, ìwọ sì wà nílé. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ṣì ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ohun tí mo jí ṣe.

Torí pé làkúrègbé kì í fi ojú hàn lọ́sàn-án, àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ni mo yà. Ọkọ mi kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ owó oṣù kan ti di ọ̀kan ṣoṣo nínú ilé, mo sì ń rí i lójú rẹ̀ bó bá ń ṣírò owó. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé mo mú un dání lọ sí ọsibítù. Dókítà fi fọ́tò eegun mi hàn án, ó fi ibi tí oríkèé ti jẹ hàn án. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bá mi fún aṣọ tí mo bá fọ̀, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ọkọ yín dání. Ẹ̀yin ọkùnrin tí àìsàn bá mú, ẹ mú ìyàwó yín dání. Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn máa ń wọlé ju àlàyé wa lọ.

Bó bá jẹ́ ìtìjú ló ń dùn yín, ẹ rántí pé ipò kò kan àìsàn. Adájọ́ àgbà pátápátá ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Ibrahim Tanko Muhammad, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2022, ó ní àìlera ló fà á. Shinzo Abe, olórí ìjọba Japan, kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé òun máa fipò sílẹ̀ torí àìsàn ìfun tó ti ń bá a fínra láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá lè sọ lójú gbogbo ayé pé ara àwọn kò gbà á mọ́, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ tó ń di páálí ní Ìsọlọ̀ yóò fi máa fi í pa mọ́, tí yóò sì gbà kí wọ́n kọ "ìdí tó kan èmi nìkan" sínú lẹ́tà rẹ̀?

Bí ara bá ti ń kìlọ̀ fún yín báyìí, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé. Ẹ kọ̀wé béèrè iṣẹ́ tó fúyẹ́, kí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì àti gbèsè yín nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá sì wá di ọjọ́ tí wọ́n bá na báírò sí yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò dárúkọ àìsàn yín. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi han ẹni tó mọ̀wé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí lọ́yà. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá fi ronú kò ní pa yín, àmọ́ báírò ìṣẹ́jú kan lè jẹ owó ọdún mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ ti ṣe é, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Ohun tó kù ni pé kí ẹ gba ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ sì fún ara yín ní ìsinmi tó ti ń béèrè tipẹ́. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ara líle o.